Opó ni bàbá Jason: ẹjọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ruth Bader Ginsburg rò lọ́dún 1975

Nínú èdè tiwa, opó ni opó. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣaláìsí, opó ni. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ṣaláìsí, opó lòun náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ sí i lè sọ pé opókùnrin tàbí opóbìnrin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò bi ẹnikẹ́ni bóyá akọ ni tàbí abo. Bẹ́ẹ̀ náà ni "òbí". Bẹ́ẹ̀ náà ni "ọmọ". Ìdí tí mo fi mú èyí ṣíwájú ni pé ẹjọ́ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà ló dúró lé. "Ìyá" ni ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó ṣòfin náà lọ́dún 1939 kọ "ìyá" síbi tí wọn ì bá ti kọ "òbí", ọdún 36 sì kọjá kí ilé-ẹjọ́ tó dá sí i.

Weinberger v. Wiesenfeld ni wọ́n ń pe ẹjọ́ ọ̀hún. Caspar Weinberger tí orúkọ rẹ̀ ṣíwájú ni mínísítà tó ń bójú tó ìlera, ẹ̀kọ́ àti ìrànwọ́ aráàlú ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ẹni tó rojọ́ fún Stephen Wiesenfeld, bàbá Jason, ni Ruth Bader Ginsburg, Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Columbia. Àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n dáadáa gẹ́gẹ́ bí adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ìyá àgbà kékeré tó wọ aṣọ dúdú, tó fi kọ́là funfun sọ́rùn. Ní tèmi o, ọdún 17 tó fi jẹ́ olùkọ́, láti 1963 sí 1980, ni mo kà sí ọkàn iṣẹ́ ayé rẹ̀. Nínú kíláàsì ló ti rí ohun tó wá lọ sọ nílé-ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Paula Polatschek jẹ́ tíṣà ìṣirò ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ó ti tó ọdún márùn-ún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí òun àti Stephen tó ṣègbéyàwó ní oṣù Kọkànlá ọdún 1970, kò sì tìtorí ìgbéyàwó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Stephen ń ṣiṣẹ́ àdáni kékeré kan, owó tó ń tibẹ̀ wá kò sì tó nǹkan. Lọ́dún 1970, dọ́là 9,808 ni Paula gbà. Dọ́là 3,100 ni Stephen rí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Paula gba 10,686. Stephen rí 2,475. Owó Paula ni ilé ń jẹ, kò sí àní-àní níbẹ̀. Bí owó oṣù bá sì ti dé ni ìjọba ń yọ ti Social Security kúrò nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ lọ́wọ́ tíṣà ọkùnrin. Kò sí ẹni tó bá a dín in kù nítorí pé obìnrin ni.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1972, Paula kúnlẹ̀ ìrọbí. Àdúrà tí gbogbo wa máa ń gbà fún aláboyún ni pé kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Ohùn ọmọ nìkan ni Stephen gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọkùnrin ni, wọ́n sọ ọ́ ní Jason Paul.

Bàbá ọmọ yìí pinnu pé òun fúnra òun ni yóò tọ́ ọ. Kò ní fà á fún ìbátan, kò ní gbé e fún ẹlòmíràn kó máa bá a wò ó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó wá gba ọ̀fíìsì Social Security tó wà ní New Brunswick lọ. Social Security ni ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń yọ díẹ̀ nínú owó òṣìṣẹ́, kí ó lè rí nǹkan gbà bó bá darúgbó, kí àwọn tó fi sílẹ̀ sáyé sì lè rí nǹkan gbà bó bá kú. Wọ́n fún ọmọ ní tirẹ̀ láìjanpata: dọ́là 206.90 lóṣù, tó di 248.30 nígbà tó yá. Stephen béèrè tirẹ̀. Apá kan wà nínú òfin náà tó ń fún ẹni tó ń tọ́ ọmọ olóògbé ní iye kan náà pẹ̀lú ti ọmọ, kí onítọ̀hún lè jókòó ti ọmọ. Bó bá ń ṣiṣẹ́, tí owó iṣẹ́ náà sì kọjá dọ́là 2,400 lọ́dún nígbà náà, wọn yóò máa yọ dọ́là kan lórí dọ́là méjì méjì tó bá lé. Ètò tó bójú mu ni. Ṣùgbọ́n "owó ìrànwọ́ ìyá" ni àkọlé rẹ̀, ìyá nìkan ni wọ́n sì ń fún. Wọ́n sọ fún Stephen pé kò kàn án.

Ẹ yí ọ̀rọ̀ náà padà kí ẹ rí bó ti rí. Ká ní Stephen ló kú, Paula ì bá gba ti ọmọ, ì bá sì gba ti ara rẹ̀, lórí owó táṣẹ́rẹ́ tí ọkọ rẹ̀ san. Paula tó san owó gidi ló kú, ìdajì ni ilé rẹ̀ rí. Níbi yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á dúró díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ ìtàn yìí ló ń pè é ní ìtàn ọkùnrin tí wọ́n rẹ́ jẹ. Òtítọ́ ni pé wọ́n rẹ́ ọkùnrin náà jẹ. Síbẹ̀, owó ta ni wọ́n mú? Owó tíṣà ni. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ obìnrin ní kíkún, wọ́n sì fi àbọ̀ dá a padà fún àwọn tó tìtorí wọn ṣiṣẹ́.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 1972, Stephen kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn àdúgbò wọn. Ó ṣàlàyé ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ọ̀fíìsì náà, ó sì béèrè níparí bóyá Gloria Steinem, gbajúgbajà ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin ìgbà náà, mọ̀ pé irú èyí ń ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ èdè Sípáníìṣì kan ní Yunifásítì Rutgers ka lẹ́tà náà, ó sì mú un tọ Ginsburg lọ. Kò pẹ́ tí Ginsburg fi Rutgers sílẹ̀ lọ sí Columbia nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Rutgers ṣì mọ ẹni tí irú ọ̀rọ̀ báyìí tọ́ sí.

Ó tọ́ sí i ju bí wọ́n ti rò lọ. Lọ́dún 1954, nígbà tí ọkọ rẹ̀, Martin, ń ṣe iṣẹ́ ológun ní Fort Sill ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, Ruth rí iṣẹ́ sí ọ̀fíìsì Social Security tó wà níbẹ̀. Ó ti yege ìdánwò ìjọba tó yẹ kó fi wà ní ipò kan tó níláárí. Ó wá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ti lóyún. Wọ́n ní kò ní lè rìnrìn àjò lọ gba ìdálẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì já a sí ipò ìsàlẹ̀, sídìí iṣẹ́ títẹ ìwé, pẹ̀lú owó tó kéré. Ọmọ ọdún 21 ni. Ètò Social Security kan náà yìí ni o. Ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn náà ni lẹ́tà Stephen dé ọwọ́ rẹ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, ojú rẹ̀ rí tó. Nígbà tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin Harvard lọ́dún 1956, obìnrin mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 500 nínú kíláàsì rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Erwin Griswold, pe àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wá jẹun nílé rẹ̀, ó sì bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ni wọ́n wá ṣe lórí ìjókòó tí ọkùnrin ì bá jókòó sí. Ní àkókò tó wà ní Harvard ni àìsàn jẹjẹrẹ mú Martin, tí òun náà ń kọ́ òfin níbẹ̀. Ruth ń tọ́jú aláìsàn, ó ń tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ó ń bá ọkọ rẹ̀ kó ìwé tí wọ́n kọ ní kíláàsì jọ, ó tún ń ka tirẹ̀. Columbia ló ti wá parí lọ́dún 1959, òun àti ẹnì kan ni wọ́n jọ ṣe ipò kìíní. Ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò tí yóò gbà á síṣẹ́ ní New York kò sí.

Rutgers ló gbà á ṣe olùkọ́ ní 1963. Wọ́n sọ fún un gbangba pé owó rẹ̀ yóò kéré sí ti ọkùnrin, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ní iṣẹ́ tó dára. Nígbà tó lóyún ọmọ kejì lọ́dún 1965, ó rántí Oklahoma: aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ló ń wọ̀ lọ kọ́ni títí ọlidé fi dé, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀, nítorí pé ọdọọdún ni wọ́n ń tún ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Òun àti àwọn olùkọ́ obìnrin yòókù pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n fi ẹ̀sùn kan yunifásítì náà lórí owó oṣù, wọ́n sì jàre lọ́dún 1969.

Ní àkókò yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin wá bá a pé kí ó kọ́ àwọn ní ẹ̀kọ́ kan lórí obìnrin àti òfin. Ẹ̀kọ́ náà kò sí nílẹ̀. Ó gba ilé ìkàwé lọ láti ka gbogbo ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ àti gbogbo àròkọ àwọn onímọ̀ òfin tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò gbà á tó oṣù kan. Ó máa ń sọ èyí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, pé ohun tó wà láti kà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi kì í gbàgbé èyí. Ìdajì aráàlú ni, ohun tí àwọn amòfin sì ti kọ nípa wọn kò tó ohun tí ènìyàn kan yóò fi oṣù kan kà! Lọ́dún 1974, òun àti Kenneth Davidson àti Herma Hill Kay kó ìwé kíkà fún kíláàsì òfin jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ọ níbikíbi lè rí ohun tí yóò gbé dání wọ kíláàsì.

Lọ́dún 1972 ni Columbia gbà á, obìnrin àkọ́kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ òfin wọn fún ní ipò olùkọ́ tí a kò lè dá dúró bẹ́ẹ̀ ṣá. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tó fi gbọ́ pé yunifásítì náà fẹ́ dá àwọn obìnrin 25 tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó dúró, wọn kò sì fọwọ́ kan ọkùnrin kankan lára àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà. Ó dìde sí i, wọ́n sì jáwọ́. Lọ́dún kan náà ló bá wọn dá ẹ̀ka ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní ACLU. Ó ń kọ́ni, ó ń rojọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń bá a ṣe ìwádìí. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé òun ló kọ́kọ́ lànà. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi fagi lé òfin kan nítorí pé ó fi ọkùnrin ṣíwájú obìnrin ni Reed v. Reed, tí wọ́n dá ní oṣù Kọkànlá ọdún 1971. Ginsburg wà lára àwọn tó kọ ìwé àlàyé ẹjọ́ náà fún Sally Reed, ìyá kan ní Idaho tí ọmọ rẹ̀ kú, tí òfin sì ní bàbá ni kí wọ́n fi bójú tó ohun tí ọmọ fi sílẹ̀. Lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà, Ginsburg fi orúkọ àwọn obìnrin méjì kún un tí wọn kò bá a kọ ọ́: Dorothy Kenyon àti Pauli Murray. Ó ní èjìká wọn ni àwọn dúró lé. Pauli Murray jẹ́ ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, amòfin tó ti kọ́ni ní òfin ní Accra lórílẹ̀-èdè Ghana ní 1960 sí 1961. Lọ́dún 1965 ló bá ẹlòmíràn kọ àròkọ tó fi hàn pé òfin tó ya obìnrin sọ́tọ̀ àti òfin tó ya adúláwọ̀ sọ́tọ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó wú mi lórí pé nínú ayé àwọn agbẹjọ́rò, níbi tí olúkúlùkù ti ń du ògo, ẹnì kan ṣí àyè fún orúkọ àwọn tó ṣíwájú rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó ràn án lọ́wọ́ láti ibi tí kò rò. Òun àti Martin jọ rojọ́ fún Charles Moritz, ọkùnrin kan ní Denver tí kò gbéyàwó rí, tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó, tí òfin owó-orí kò sì fún un ní ìdẹ̀kùn tó ń fún obìnrin. Wọ́n borí lọ́dún 1972. Ìjọba fẹ́ gbé e lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba sì kìlọ̀ pé bí ìdájọ́ yìí bá dúró, àìmọye òfin ni yóò wó. Ó fi àkójọ àwọn òfin náà há ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ológun ni wọ́n fi wá a jáde, gbogbo òfin ìjọba àpapọ̀ tó fi ìyàtọ̀ sáàárín akọ àti abo. Ilé-ẹjọ́ kò gba ẹjọ́ ọ̀hún wọlé, ṣùgbọ́n àkójọ náà ti dé ọwọ́ Ginsburg. Ó ti mọ gbogbo ibi tó kù láti lọ. Orúkọ agbẹjọ́rò àgbà náà ni Erwin Griswold, ẹni tó bi àwọn obìnrin mẹ́sàn-án léèrè lórí tábìlì oúnjẹ.

Wọ́n pe ẹjọ́ Stephen ní oṣù Kejì ọdún 1973. Àwọn adájọ́ mẹ́ta ló gbọ́ ọ ní New Jersey, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dá Stephen láre ní oṣù Kejìlá. Ìjọba gbé e lọ sókè.

Kí wọ́n tó gbọ́ ọ lókè, ìjákulẹ̀ ńlá kan ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1974, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ Kahn v. Shevin. Ní Florida, òfin ń dín owó-orí ilé kù fún opóbìnrin, kò dín in kù fún opókùnrin. Kahn, opókùnrin kan, pe ẹjọ́, Ginsburg bá a rò ó, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án sì dá a lẹ́bi. Wọ́n ní ìrànwọ́ ni Florida ń ṣe fún obìnrin nítorí pé ayé le fún obìnrin tí kò lọ́kọ mọ́. Nínú ẹjọ́ mẹ́fà tí Ginsburg rò níwájú ilé-ẹjọ́ náà, èyí nìkan ló pàdánù. Ibi tó sì ti wá dunni ni pé ẹjọ́ opókùnrin mìíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń bọ̀.

Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ tí wọn kò fi ní sọ pé Kahn kejì ló dé? Ibí ni iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ti hàn jù. Ó fi Florida sílẹ̀, ó sì fi ìka kan ohun tí kò sí nínú ẹjọ́ Kahn rárá: owó tí òkú san. Ní Florida, kò sí ìyàwó kankan tó san nǹkan kan sílẹ̀ nítorí ìdẹ̀kùn owó-orí yẹn. Nínú ẹjọ́ Stephen, Paula sanwó. Ó wá to ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Òfin yìí rẹ́ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ jẹ, nítorí pé iye kan náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ààbò tí wọ́n fún ìdílé rẹ̀ kò sì tó ti ìdílé ọkùnrin. Ó rẹ́ bàbá jẹ, nítorí pé kò jẹ́ kó lè tọ́ ọmọ rẹ̀. Ó rẹ́ ọmọ jẹ, nítorí pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú ni wọ́n fi ìtọ́jú òbí dù, nígbà tí wọ́n ń fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú.

Ìjọba ní èsì méjì. Èkíní ni pé owó Social Security kì í ṣe àdéhùn, òṣìṣẹ́ kò lè sọ pé iye tí òun san ni kí wọ́n fi san òun. Èkejì ni ti Kahn: àǹfààní fún obìnrin ni, kí ló dé tí obìnrin fi ń bínú sí i? Ìdáhùn Ginsburg sí èyí ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ òfin mọ̀ sórí. Àǹfààní tó dúró lórí ìgbàgbọ́ pé ọkùnrin ló ń wá owó, pé obìnrin ló ń jókòó sílé, yóò yí padà lu obìnrin náà lọ́jọ́ tó bá jáde lọ wá owó. Ó sọ owó rẹ̀ di owó àfikún, owó ọbẹ̀, owó tí kò ṣe pàtàkì. Fún ẹni tí ìyá rẹ̀ àgbà fi ọjà rán ọmọ nílé-ìwé, bí ọ̀pọ̀ wa ti rí, ìgbàgbọ́ yẹn ṣàjèjì. Ṣùgbọ́n inú ìwé òfin Amẹ́ríkà ló wà.

Ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 1975 ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní Washington. Ginsburg mú Stephen jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ nídìí tábìlì àwọn agbẹjọ́rò. Kì í ṣe àṣà wọn kí oníbàárà jókòó níbẹ̀. Ọkùnrin ni gbogbo adájọ́ ilé-ẹjọ́ náà, ó sì fẹ́ kí wọ́n wo iwájú kí wọ́n rí ọkùnrin bíi tiwọn, bàbá ọmọ, tó ń fara gbá ohun tí òfin ń ṣe.

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ni ìdájọ́ jáde. Adájọ́ mẹ́jọ ló dá a. William Douglas tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù kò kópa. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fẹnu kò pé òfin náà kò bá Àtúnṣe Karùn-ún inú òfin àgbà Amẹ́ríkà, èyí tí gbogbo òfin yòókù gbọ́dọ̀ bá mu, mu. William Brennan ló kọ ìdájọ́ náà. Ó gbà pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń gbé bùkátà ilé ju obìnrin lọ láyé ìgbà náà, ṣùgbọ́n ó ní èyí kò fún ìjọba láṣẹ láti tẹ́ḿbẹ́lú iṣẹ́ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́, tí owó rẹ̀ sì ń gbọ́ bùkátà. Ó tú ìtàn òfin náà wò láti 1939, ó sì rí i pé kì í ṣe nítorí pé opóbìnrin kò lè ríṣẹ́ ni wọ́n ṣe ṣe é. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, kí ló dé tí wọn kì í fún opóbìnrin tí kò tíì darúgbó tí kò ní ọmọ kékeré? Nítorí ọmọ ni, kí òbí tó kù lè rí àyè tọ́ ọ. Bó bá sì jẹ́ nítorí ọmọ, Brennan ní ìtọ́jú ọmọ kò dínkù ní pàtàkì nítorí pé bàbá ni òbí tó kù.

Lewis Powell kọ tirẹ̀ sọ́tọ̀, olórí adájọ́ Warren Burger sì bá a fọwọ́ sí i. Powell kò ka ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ náà sí tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ti obìnrin tó sanwó, tí ìdílé rẹ̀ kò rí ààbò tó tó, ti tó fún òun. William Rehnquist, tí kì í sábà dá irú ẹjọ́ yìí síhà ibi tí Ginsburg wà, ojú ọmọ ló fi wò ó: ètò tí wọ́n ṣe kí ọmọ lè rí òbí tọ́ ọ, kò bọ́gbọ́n mu kí wọ́n yọ ọmọ kan kúrò níbẹ̀ nítorí pé ìyá ni ikú pa. Ginsburg to ìdí mẹ́ta kalẹ̀, ìdí kọ̀ọ̀kan sì rí adájọ́ tó gbà á.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni Ginsburg lò, pé ó fi ọkùnrin bojú kí àwọn adájọ́ ọkùnrin lè gbọ́ tirẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Bí mo ti ka ìwé ẹjọ́ náà sí, Paula ni olùpẹjọ́ gan-an. Òun ló sanwó, òun ni wọ́n jẹ ní gbèsè, ṣùgbọ́n òkú kò lè wá sílé-ẹjọ́. Ọkọ rẹ̀ ló wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un. Ẹni tó bá sọ pé ẹjọ́ ọkùnrin ni, ó ti ṣe ohun kan náà tí òfin 1939 ṣe: ó ti gbàgbé pé tíṣà náà ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà tí ẹjọ́ yìí là ni àwọn mìíràn tọ̀. Lọ́dún 1977, Ginsburg borí fún Leon Goldfarb, opókùnrin àgbàlagbà kan tí ìyàwó rẹ̀ fi ọdún 25 ṣe akọ̀wé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní New York, tí òfin sì ní kó kọ́kọ́ fi hàn pé obìnrin náà ló ń bọ́ òun kí wọ́n tó fún un lówó. Adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ni, díẹ̀ ló kù kí ó má bọ́ sí i. Ní 1980 ó di adájọ́, ní 1993 ó dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Nígbà tó sì di 1996, òun ló kọ ìdájọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn Virginia Military Institute fún obìnrin, ilé-ẹ̀kọ́ tí owó ìjọba ń bọ́, tó ti gba ọkùnrin nìkan láti 1839. Obìnrin tí wọ́n bi léèrè ohun tó ń ṣe lórí ìjókòó ọkùnrin ní Harvard ló kọ ọ́.

Àkọlé apá òfin tó fa gbogbo ìjà yìí ti yí padà. "Owó ìrànwọ́ ìyá àti bàbá" ló wà níbẹ̀ báyìí. Wọn kò kúkú kọ "òbí".

Stephen rí owó rẹ̀ gbà, ó sì tọ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣòfin àgbà ń fọ̀rọ̀ wá Ginsburg lẹ́nu wò lọ́dún 1993, ó wá jẹ́rìí fún un. Jason dàgbà, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin Columbia, Ginsburg ló sì so òun àti ìyàwó rẹ̀ pọ̀ lọ́dún 1998. Stephen náà tún gbéyàwó ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014. Inú ilé-ẹjọ́ tí wọ́n jọ jókòó sí lọ́dún 1975 ni wọ́n ti ṣe é, Ginsburg tó ti di ẹni ọdún 81 ló sì so wọ́n pọ̀.